Olùṣọ́ Àjà Ilé Wa

Bí ẹnìkan bá kígbe "Ejò!" ní àgbàlá ilé-ìwé, ohun méjì ni í ṣẹlẹ̀ lójú kan náà: àwọn ọmọdé a sá, àwọn àgbà a sì máa wá igi. Ó ṣọ̀wọ́n kí á rí ẹni tí yóò dúró béèrè pé, "Irú ejò wo ni?" Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè náà ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí bí gbogbo wọn tilẹ̀ ń jẹ́ ejò, ìwà wọn kò rí bákan náà, gẹ́gẹ́ bí ìwà àwa ènìyàn kò ti rí bákan náà. Nínú ilé tí a ti tọ́ wa dàgbà ni a ti kọ́ láti máa béèrè rẹ̀, a sì san owó ẹ̀kọ́ náà gọbọi. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ìtàn ayọ̀. Apá kan wà tí kò dùn, ṣùgbọ́n a kò ní fò ó.

Ní ọdún 1987 ni a gbé bàbá wa, tí í ṣe olùkọ́ ìjọ, lọ sí abúlé kan ní Òkè-Ògùn. Àwa ọmọ márùn-ún ni a bá òun àti ìyá wa lọ. Ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́ta tí a fi páànù bò ni ìjọ fún wa. Ilé ìdáná wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, koríko ni a sì fi bo òun. Lókè ààrò ni àjà wà, níbi tí a ń to àgbàdo sí kí èéfín lè máa bá a, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ilé ìdáná ni ọ̀gán ńlá kan wà. Láti ẹ̀bá ọ̀gán náà ni oko iṣu àti oko àgbàdo ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lọ títí dé etí odò.

Ní ọjọ́ kẹta tí a dé ibẹ̀, ìyá wa gun orí àpótí láti mú àgbàdo lórí àjà. Ó na ọwọ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà kò jọ àgbàdo. Ó tutù, ó jọ̀lọ̀, ó sì ń mí. Ìyá wa kò kígbe. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jáde sí ìta, ó jókòó lórí òkúta kan, nígbà náà ni ó tó wá figbe ta.

Bàbá wa gbé àdá. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ìyá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà ni gbogbo abúlé ń pè é.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àdá yẹn sílẹ̀. Mọ̀nàmọ́ná ni. Ará ilé ni. Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹni tí ẹ wá rọ́pò tó dé."

Bàbá wa wò ó, ó ní, "Ìyá, àbí ẹ ń bọ ọ́ ni?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Èmi? Kí ni n ó máa bọ ejò fún? Eku ni mo mọ̀ pé ó ń jẹ. Ọdún tí wọ́n pa èyí tí ó wà nílé tèmi, èmi àti eku ni a jọ pín àgbàdo ọdún náà, tiwọn sì pọ̀ ju tèmi lọ."

Bàbá wa dúró pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àdá padà sí ìdí ilẹ̀kùn. Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Láti ọjọ́ náà lọ, ejò ni àwa fi sórí àjà sùn, a sì sun oorun àsùnwọra. Ìyá wa nìkan ni kò tètè gbà. Fún oṣù bíi mélòó kan, kí ó tó na ọwọ́ sókè, a kọ́kọ́ fi orógùn kan igi àjà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn onílé. Nígbà tí ó yá, gbogbo wa ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì di àṣà ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni ó sọ ejò náà ní Olùṣọ́. Ẹni tí ó bá ti rí mọ̀nàmọ́ná rí kò ní gbàgbé ẹwà rẹ̀. Ara rẹ̀ dúdú, àwọn àmì tí ó rí bí ìyeyè ẹ̀fọ̀n àgbàdo tí a sun sì wà kiri ara náà. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, àárín rẹ̀ sì sanra bí apá àgbẹ̀. Kò tóbi bí erè, tí í gbé ọmọ ẹtu mì. Èyí tí ó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ kò wọ́pọ̀. Kò ní oró rárá. Eku ni oúnjẹ rẹ̀: a dì mọ́ ọn títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ̀, a sì gbé e mì láìjẹ. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í bá ènìyàn jà. Ńṣe ni í ká ara rẹ̀ jọ rúbútú bí òṣùká, tí í fi orí pamọ́ sí àárín, tí í sì máa retí kí ewu kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwà rẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a níwájú.

Ní ìgbà díẹ̀díẹ̀ láàrin ọdún, Olùṣọ́ a bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí àjà. Awọ náà fẹ́lẹ́ bí ìwé, a sì rí ojú ìpẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àní títí kan awẹ́ kékeré tí ó bo ẹyinjú rẹ̀. Ìjà kékeré kọ́ ni a máa ń jà lórí ẹni tí yóò ní i. Nígbà kan a fi rúlà ilé-ìwé wọn ọ̀kan, ó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4. A sì ń fọ́nnu kiri pé bí ejò wa ti gùn tó nìyí. Bàbá wa ni ó ṣàlàyé pé awọ a máa nà nígbà tí ejò bá ń bọ́ ọ, nítorí náà kí á má ṣe fi ẹ̀wù díwọ̀n ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1989, Olùṣọ́ kúrò lórí àjà. A wá a títí, a kò rí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọ̀kan nínú wa yọjú wo ihò ìdí ọ̀gán, ó sì rí mọ̀nàmọ́ná kan tí ó ká yí ẹyin funfun mẹ́fà. A kò lè búra pé Olùṣọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè yí wa lọ́kàn padà. Ejò náà kò kúrò lórí ẹyin rẹ̀ fún bí oṣù méjì. Kò jáde wá ọdẹ, ó sì ń rù lójú wa. Ìyá wa, tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ títí di ìgbà náà, fi ọ̀pá gbọọrọ di ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kí àwọn ewúrẹ́ má baà tẹ ihò náà wó. Ó ní, "Ẹ fi ìyá ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹni tí kò jẹun nítorí ọmọ, kò yẹ kí á yọ ọ́ lẹ́nu." Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a bá èèpo ẹyin níbẹ̀ ní òfìfo, àwọn ọmọ ti lọ. Kí oṣù náà tó parí, a tún gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ jẹ́jẹ́ lórí àjà, a sì mọ̀ pé Olùṣọ́ ti padà sí ẹnu iṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bàbá wa kọ́ wa láti máa fi ejò ṣeré. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni ó fi ṣe pátákó ìkọ̀wé. Ẹfun ni ó fi ya ejò mẹ́ta síbẹ̀, àwa a sì máa pe orúkọ wọn bí ẹni tí ń kọ́ àbídí. Ìkíní ni mọ̀nàmọ́ná, ẹni àlàáfíà. Èkejì ni sèbé, tí í gbé ọrùn sókè tí í sì fẹ̀ ẹ́. Ó lè tu oró sí ènìyàn lójú láti ibi tí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹ̀kẹta ni paramọ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ sọ gbogbo ìwà rẹ̀: ó ń pa ara mọ́ ilẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ewé gbígbẹ àti iyẹ̀pẹ̀. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́. Bàbá wa a máa wí pé, "Bí ẹ bá ń rìn, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbọ́. Sèbé a gbọ́, yóò sì sá. Ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ a gbọ́, kò ní kúrò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe rìn lálẹ́ láìmú fìtílà."

Ìyá Àgbà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ súfèé lálẹ́, kí á má baà fi pe ejò. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a kì í pe ejò ní orúkọ rẹ̀, okùn ni a ń pè é. Bàbá wa sọ fún wa pé ejò kò ní etí níta bí tiwa, ìmìtìtì ilẹ̀ ni ó fi ń mọ̀ jùlọ pé ènìyàn ń bọ̀. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí á súfèé, nítorí ó ní ọmọ tí ń súfèé kì í gbọ́ ohun tí ń bẹ níwájú rẹ̀. Ti okùn sì mú ẹ̀rín wá ní alẹ́ ọjọ́ kan. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, wọlé ó ní, "Bàbá, okùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà." Gbogbo ilé dìde. Bàbá wa gbé fìtílà, ó mú ọ̀pá, ó sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Okùn ewúrẹ́ ni.

Sèbé tilẹ̀ bẹ̀ wá wò lẹ́ẹ̀kan. Ó tu oró sí ojú ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin níbi tí ó ti ń ṣí òkìtì igi ìdáná. Àwọn aládùúgbò sáré dé, olúkúlùkù pẹ̀lú oògùn tirẹ̀. Ẹnìkan mú omi ewé, ẹnìkan ní kí á fún omi ọmú sí i. Bàbá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò sì gba ọ̀kankan. Omi tútù láti inú àmù ni ó ń dà sí ojú náà, garawa lẹ́yìn garawa, títí ẹ̀gbọ́n wa fi lè la ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ń kàwé.

Nísinsìnyí a dé ibi tí kò dùn.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1991, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kan ọ̀kan nínú wa láti lọ pọn omi. Bọ́ọ̀lù ni ó ń gbá, eré náà sì ń dùn mọ́ ọn. Ó bẹ àbíkẹ́yìn wa pé kí ó bá òun lọ, ó sì ṣe ìlérí pé òun yóò fún un ní awọ Olùṣọ́ tí ó wà lọ́wọ́ òun. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà. Ó gbé agbè, ó lọ. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, kò sì mú fìtílà. Ní bíi ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí ilé, ó tẹ paramọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bù ú jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀.

Àwọn tí ń ti oko bọ̀ ni wọ́n gbé e wálé. Ọ̀kan nínú wọn ti fi okùn di itan rẹ̀ pinpin. Òmíràn ti mú abẹ jáde láti sín ojú ibẹ̀. Bàbá wa kò jẹ́ kí á fi abẹ kàn án, ṣùgbọ́n kò láyà láti tú okùn. Orí alùpùpù oníṣòwò àgbàdo kan ni a gbé e gbà lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀nà náà sì jìn. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wú dé orúnkún kí wọ́n tó dé. Dókítà sọ pé okùn náà ti fi kún ìpalára. Abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni a tó rí i rà ní ìlú mìíràn. Ohun tí dókítà sọ fún bàbá wa nípa oògùn náà yà wá lẹ́nu nígbà tí ó sọ ọ́ fún wa: ẹṣin ni wọ́n ń fún ní oró ejò ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi ní agbára láti ṣẹ́gun oró náà, inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin yìí ni wọ́n sì ti ń mú oògùn jáde.

Àwa mẹ́rin tí ó kù wà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Ní ọjọ́ kẹrin, ìròyìn dé pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ẹni tí omi pípọn kàn jáde kúrò nílé láìsọ̀rọ̀. Ó mú ọ̀pá, ó wọ ilé ìdáná, ó gun orí àpótí. Kò fi orógùn kan igi àjà. Olùṣọ́ ká ara rẹ̀ jọ bí ìṣe rẹ̀, ó fi orí pamọ́ sí àárín, ó ń retí kí ewu kọjá. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀pá náà lọ sókè, ó sọ̀kalẹ̀, a kò sì mọ iye ìgbà.

Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, ó wo ilẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó ní, "Ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́ ni o pa yìí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá wa wálé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti kó aṣọ. A fi hàn án. Gbogbo wa ń retí pàṣán. Ó bi wá pé, "Ṣé òun ni ó bu àbúrò yín jẹ?" A ní, "Rárá, Bàbá." Ó ní, "Ṣé ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ ni?" A kò lè dáhùn. Àwọn kan tọrọ ejò náà láti fi se ọbẹ̀, ó kọ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdí ọ̀gán, ó sì sin ín, ó padà sí ilé ìwòsàn láìfi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Pàṣán ìbá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ náà kò di gígé, ṣùgbọ́n ọmọ-ìka méjì lọ, ẹran ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ sì jẹrà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àbíkẹ́yìn wa padà wálé pẹ̀lú ọ̀pá ní abíyá. Ó kí Ìyá Àgbà, ó mu omi, ó sì tiro lọ sí ilé ìdáná. Ó mú orógùn, ó kan igi àjà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró. Kò sí ìró. Ó kọjú sí wa, ó ní, "Olùṣọ́ dà?" Ẹni tí ó pa á jẹ́wọ́ fún un. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Ṣé ó bù ọ́ jẹ ni?" Nígbà tí kò rí èsì, ó bú sẹ́kún. Ìyá wa sọ pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n lò níbẹ̀, kò sun irú ẹkún bẹ́ẹ̀.

Kí ọdún ó tó yí, eku ti gba àjà. Wọ́n jẹ àgbàdo tí a fẹ́ fi ṣe irúgbìn, wọ́n jẹ ẹnu àpò, wọ́n tilẹ̀ wọ yàrá bàbá wa lọ jẹ etí ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ṣẹ sí wa lára. Àwa àti eku ni a jọ pín oúnjẹ ọdún náà.

A ti dàgbà, a sì ti rìn díẹ̀. Ní ọdún 2014 a dé ìlú Ouidah ní ilẹ̀ Benin, níbi tí ilé òrìṣà àwọn mọ̀nàmọ́ná wà, tí ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà. Bí ọ̀kan nínú àwọn ejò náà bá wọ ilé ẹnìkan níbẹ̀, onílé kì í wá igi; ńṣe ni í gbé e padà sí ibi tí ó ti wá. Ìgbàgbọ́ wọn kì í ṣe tiwa, bàbá wa kò sì bọ ejò rí. Ṣùgbọ́n bí a ti dúró níbẹ̀ tí ẹnìkan gbé mọ̀nàmọ́ná lé wa lọ́wọ́, tí ó tutù, tí ó jọ̀lọ̀, tí ó sì ń mí, ojú wa kún fún omi, ẹni tí ó mú wa lọ sì rò pé ẹ̀rù ni ó bà wá.

Ohun méjì ni a kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Èkíní ni pé oró ejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ejò ń pa lọ́dọọdún tó 81,000 sí 138,000 ní gbogbo ayé, àwọn àgbẹ̀ àti ọmọdé abúlé sì pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2017 ni wọ́n kà á mọ́ àwọn àrùn tí a pa tì. Ní ọdún 2019 wọ́n sì gbé ètò kalẹ̀ láti dín ikú náà kù sí ìdajì kí ó tó di ọdún 2030. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà, ẹ mú iná lọ́wọ́ bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ má ṣe sín in, ẹ má ṣe fa ojú ibẹ̀ mu, ẹ má ṣe fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kí ó tó wú, ẹ jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ẹsẹ̀ tàbí apá náà má ṣe mira, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Èkejì ni pé ẹ̀rù kò yẹ kí ó sọ wá di aláìṣòótọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ wá wà nínú igbó. Ẹni tí ọwọ́ wa tó ni a pa. Ènìyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ejò, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá sì wádìí rẹ̀ dáadáa, ìbínú tí ó gbé ọ̀pá lọ́jọ́ náà kì í ṣe sí ejò rárá. Ọmọ tí ó fi eré bọ́ọ̀lù ṣáájú omi pípọn ni ó ń bínú sí ara rẹ̀. A lè fi ìdánilójú sọ èyí, nítorí ọwọ́ tí ó gbé ọ̀pá náà ni ó ń kọ ìwé yìí.

Àbíkẹ́yìn wa ti di olùkọ́ ilé-ìwé báyìí. Ó ń tiro díẹ̀ bí ó ti ń rìn, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì lè dárúkọ ejò mẹ́ta kí wọ́n tó lè dárúkọ odò mẹ́ta. Awọ Olùṣọ́ tí a ṣèlérí fún un nígbà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní, nínú ìwé orin ìyá wa. Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, àwọn ọmọ tiwa sáré wọlé wá pé ejò wà nínú àká. A dìde. Kí á tó dé ẹnu ọ̀nà, èyí tí ó kéré jù nínú wọn ti dì mọ́ wa lẹ́sẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo irú èyí tí ó jẹ́."

A fi ọ̀pá sílẹ̀, a mú fìtílà, a sì kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.